Ìrù ni kí ẹ dì mú: ìdáhùn fún ẹni tó há 300 phrasal verb sórí

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́ mi. Mo ti há bíi 300 phrasal verb sórí láti inú ìwé kan tó tò wọ́n láti A dé Z, ṣùgbọ́n bí mo bá ti pàdé wọn lójú iṣẹ́, ńṣe ni wọ́n máa ń dà rú mọ́ mi lójú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní, 'Could you look this over and get back to me?' Mo rò pé ó ní kí n padà wá bá òun ni. Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè kọ́ wọn tí wọn ò fi ní máa dà pọ̀ mọ́ra wọn? Ibo gan-an ni 'it' máa ń wà? Ṣé ó sì dáa kí n máa lò wọ́n nínú lẹ́tà iṣẹ́, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n?"

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìdúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù, tèmi burú ju tiyín lọ. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n kọ̀wé pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ kan. Nígbà tó ku ọ̀la, ìwé mìíràn dé: "The interview has been called off." Mo rí "call", mo mọ̀ ọ́n dáadáa, pípè ni. Mo ní wọ́n ti pè é nìyẹn, ó ti dájú. Mo lọ aṣọ mi, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn wọn kí aago mẹ́jọ tó lù, mo kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ló yọjú lójú fèrèsé, ó ní ṣé n ò rí ìwé gbà ni, wọ́n ti fagi lé e. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún lè fi "call off" tàn mí jẹ.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ tí mo fi parí ìtàn yẹn wò: tàn mí jẹ. Ta ló jẹ kí ni níbẹ̀? Oúnjẹ kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tó máa dúró rò ó kó tó yé e. "Tàn" ni orí, "jẹ" ni ìrù, àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n di nǹkan kẹta. Àwọn onígírámà ń pe irú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, nítorí pé ó máa ń là sí méjì kí ohun tí à ń sọ lè wọ àárín: ba aṣọ jẹ́, gba ọ̀rọ̀ gbọ́, tú ìpàdé ká, pa owó mọ́. Phrasal verb kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe kúkurú kan bíi "put", "get", "take" tàbí "look" ló máa wà níwájú, ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn bíi "up", "off", "out" tàbí "down" á tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì á wá sọ ohun tí ẹnì kan nínú wọn kò lè dá sọ. Èmi á máa pe ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ní ìrù títí tí mo fi máa parí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìrù ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Tàn jẹ, rẹ́ jẹ, yàn jẹ. Orí yàtọ̀ síra, ìrù kan náà ni, mágòmágó sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí àjèjì tó ń kọ́ Yorùbá bá ti mọ "tàn jẹ", tó wá gbọ́ "rẹ́ jẹ" nígbà àkọ́kọ́, ìrù yẹn nìkan ti tó láti mú kó fura pé nǹkan kan ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi "dá" bẹ̀rẹ̀ fún àjèjì kan náà sójú ewé kan: dá dúró, dá padà, dá lóhùn, dá lẹ́jọ́, dá lóró. Kó tó dé ìsàlẹ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ á ti dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ohun tí ìwé A dé Z yẹn ṣe fún yín gan-an nìyẹn. Ó kó "get up", "get by", "get over", "get along" àti "get off" jọ nítorí pé orí wọn jọra, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ wọn ò bára tan rárá. Ọpọlọ yín ò ní àléébù kankan. Bí wọ́n ṣe tò ó ni ò dáa.

Ìrù ni kí ẹ dì mú. Mo máa bẹ̀rẹ̀ látorí "down", nítorí pé òun ló bá èdè wa mu jù lọ. Ohun tó wà nídìí "down" ni ilẹ̀. "Sit down" ni jókòó sílẹ̀, "lie down" ni dùbúlẹ̀, "kneel down" ni kúnlẹ̀. Ìyẹn rọrùn, a ń fojú rí i. "Write down" ńkọ́? Kọ sílẹ̀. "Pull down", bí wọ́n ṣe ń ṣe ilé àtijọ́? Wó lulẹ̀. Nígbà tí mọ́tò bá "break down", àwa máa ń sọ pé ó dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tí inú ń bí, tí wọ́n ní kó "calm down", wọ́n ní kó fara balẹ̀ ni. Ẹni tó "settle down" ti fìdí kalẹ̀. Ẹni tó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ, "he let me down": ó já mi kulẹ̀. Ilẹ̀ ṣáá ni, ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ àti ilẹ̀ tí a ò lè fọwọ́ kàn. Kódà "turn down", tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu, ilẹ̀ náà ló bọ́ sí: kọ̀ sílẹ̀. Ẹ kàn ṣọ́ ohùn ibẹ̀ o. "Kọ ọ́ sílẹ̀" ni "write it down", "kọ̀ ọ́ sílẹ̀" ni "turn it down", ohùn ẹyọ kan ṣoṣo ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

"Up" kì í ṣe òdìkejì "down" nígbà gbogbo, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Lóòótọ́ ó lè jẹ́ òkè, bíi ti "stand up", ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe jù lẹ́nu àwọn tó ni èdè ni iṣẹ́ tí "tán" ń ṣe fún wa. "I used the paper": mo lo ìwé náà. "I used up the paper": mo lò ó tán, kò kù ẹyọ kan. "Drink up", mu ún tán. "Tear up a letter" kọjá kéèyàn fa ìwé ya lójú kan, wẹ́lẹwẹ̀lẹ ló ya á. Bí ẹ bá ti rí "up" níbi tí òkè kankan ò sí, ẹ kọ́kọ́ dán "tán" tàbí "pátápátá" wò, ó máa ń bọ́ sí i lọ́pọ̀ ìgbà. "Up" tún máa ń sọ nípa ohun tó yọjú láìròtẹ́lẹ̀: "he showed up", ó yọjú, "something came up", nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí a ò retí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èdè méjèèjì á kọjú òdì síra wọn. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti "give up", àwa ń juwọ́ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti "bring up" ọ̀rọ̀ kan, àwa ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n "hang up", àwa gbé fóònù sílẹ̀. Mo fẹ́ràn àwọn wọ̀nyí jù nítorí pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ń wọ orí èèyàn, ohun téèyàn sì fi ẹ̀rín kọ́ kì í tètè gbàgbé.

"Off" ni kúrò. "Wipe it off", nù ún kúrò. "Cut it off", gé e kúrò. "Take off your shoes", mú wọn kúrò lẹ́sẹ̀, bọ́ wọn. Ọkọ̀ òfuurufú tó "take off" kúrò nílẹ̀, ó gbéra. Láti ibẹ̀ ni "off" ti bọ́ sórí ohun tí a mú kúrò lójú ọjọ́ rẹ̀. "They put the meeting off till Friday": wọ́n gbé e kúrò níbi tó wà, wọ́n sún un di Friday. "They called it off": wọ́n mú un kúrò pátápátá. Ìyàtọ̀ méjì yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ohun tí wọ́n "put off" ṣì ń bọ̀, ohun tí wọ́n "call off" ti lọ. Ẹni tó bá sì sọ pé "his tone put me off", ohùn ọkùnrin yẹn ló lé e kúrò nídìí ọ̀rọ̀ náà, kò wù ú mọ́.

Àwọn yòókù ò ní gbà wá lákòókò. "Back" ni padà, "on" sábà máa ń jẹ́ "lọ" inú "máa bá a lọ": "go on", "carry on", "the meeting dragged on", ìpàdé náà fà lọ títí. "Away" máa ń bá "nù" rìn, "throw it away", sọ ọ́ nù. "Out" ń mú nǹkan bọ́ síta, ojú ń rí i tàbí ọkàn ń mọ̀ ọ́n: "find out", "point out", "it turned out that". Ṣùgbọ́n kí ẹ má gbàgbé pé "run out" kì í ṣe sáré jáde nígbà tó bá jẹ́ ohun èlò là ń sọ: "we've run out of ink", yíǹkì wa ti tán.

Ọ̀nà yìí kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, n ò ní parọ́ fún yín. Ẹ wo "make up". Tọkọtaya tó jà, tí wọ́n wá "make up", ti parí ìjà. Ọmọ tó "make up" ìtàn, irọ́ ló hun. Ẹni tó ń "make up for lost time" ń dí àkókò tó ti sọ nù. Kò sí ìrù tó máa ṣàlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀. "Take after", kéèyàn jọ bàbá tàbí ìyá rẹ̀, àti "put up with", kéèyàn fara da nǹkan, irú kan náà ni wọ́n. Irú àwọn wọ̀nyí, inú gbólóhùn odindi ni kí ẹ ti kọ́ wọn, bí ọmọdé ṣe kọ́ "tàn jẹ" láìbéèrè ìdí.

Ó wá ku "it". Inú mi dùn pé ẹ béèrè, nítorí pé ibẹ̀ lẹni tó ń sọ Yorùbá ti ní àǹfààní tí kò mọ̀ pé òun ní. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "ó bàjẹ́ aṣọ náà" bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ba aṣọ ọ̀hún jẹ́. Àárín ni aṣọ máa ń wà: ó ba aṣọ náà jẹ́, ó bà á jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì gbà kí orúkọ wà láàárín tàbí lẹ́yìn, "turn the light off", "turn off the light", méjèèjì dáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di "it", "him", "her" tàbí "them", àfi àárín: "turn it off". "Turn off it" kò sí. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣiyèméjì lórí irú àwọn wọ̀nyí, ẹ sọ ọ́ bí Yorùbá ṣe ń là á. Kìkì ibi tí ohun tí ẹ ń sọ bá ti gùn bí òkun ni kí ẹ ti jẹ́ kí ìrù sún mọ́ orí: "turn off all the lights you left on last night", torí pé bí ẹ bá fi "off" sí ìparí gbólóhùn yẹn, ẹni tó ń gbọ́ á ti gbàgbé "turn".

Àwọn kan wà tí kì í là rárá. "Look after it", "look for it", "get over it", "run into her". Bákan náà ni àwọn oníkókó mẹ́ta: "put up with it", "look forward to it", "get away with it". Báwo lẹ ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "Turn off the tap" àti "Turn off the road". Àkọ́kọ́, ẹ lè gbé ìrù kọjá, "turn the tap off", nítorí pé omi ẹ̀rọ gan-an lẹ pa. Èkejì, ẹ̀yin lẹ yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ ò pa ọ̀nà, "turn the road off" yóò sì pa ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́rìn-ín. "Off" ti èkejì jẹ́ ti "the road", kì í ṣe ti "turn".

Etí tún lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ̀yin tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti mọ́ lára láti kékeré. Nínú "look it up", wọ́n máa ń tẹ "up" dáadáa. Nínú "look at it", "look" ni wọ́n ń tẹ̀, "at" á kàn sá kọjá. Ìrù tí wọ́n bá tẹ̀ lẹ́yìn "it" sábà máa ń jẹ́ èyí tó ń là. Bó bá wá di orúkọ, títẹ̀ náà á sún síwájú: mọ́tò "broke DOWN", ṣùgbọ́n "a BREAKdown" ló ṣẹlẹ̀. Ẹ fi etí sí i nínú fíìmù kan lálẹ́ òní, ẹ máa rí i pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Lórí iye tí ẹ há sórí, 300 ti pọ̀ jù, ó sì tún kéré jù. Ní 2007, àwọn onímọ̀ èdè méjì, Dee Gardner àti Mark Davies, yẹ British National Corpus wò, àkójọ Gẹ̀ẹ́sì tó tó mílíọ̀nù 100 ọ̀rọ̀, wọ́n sì rí i pé phrasal verb 100 péré ló kó ju ìlàjì gbogbo ibi tí phrasal verb ti jáde níbẹ̀. "Go on" ló ṣíwájú, "carry out", "set up" àti "pick up" tẹ̀lé e. Ibi tó ti kéré ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 100 yẹn ní ìtumọ̀ tó lé ní márùn-ún bí a bá pín in dọ́gba. Ẹ̀rù ò gbọdọ̀ bà yín: nígbà tí Mélissa Garnier àti Norbert Schmitt ṣa 150 jọ ní 2015, tí wọ́n mú kìkì ìtumọ̀ tó wọ́pọ̀, bíi méjì méjì ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 150 yẹn rọ́pò 300 tiyín.

Lẹ́tà iṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ti sọ fún yín, mo mọ̀, pé ọ̀rọ̀ ojú títì ni phrasal verb. Ìdí wà tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy, láti ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, Faransé di èdè ààfin, Látìn sì jẹ́ ti ìjọ àti ti ìwé. Ọ̀rọ̀ tó wọlé láti ibẹ̀ ń rùn bí ìwé títí dòní: "extinguish", "tolerate", "investigate". Tilé wọn ni "put out", "put up with", "look into". Bí ìyàtọ̀ aṣọ àtàtà àti aṣọ ilé ṣe wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ òfin. "Carry out", "set up" àti "point out" kún inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé àti ti ìjọba, kò sì sí ẹni tó máa bá yín wí bí ẹ bá kọ wọ́n. Ní tèmi, mo máa ń yẹra fún "put up with" nínú lẹ́tà sí ẹni tí n ò mọ̀ rí, nítorí pé ó máa ń dún bí ẹni tó ń kùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi "look forward to" parí lẹ́tà, "hearing from you" ló ń tẹ̀lé e, kì í ṣe "hear". Àṣìṣe tí mo ń fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí jù lọ nìyẹn.

Ìyẹn rán mi létí àṣìṣe kan tó jẹ́ tiwa gan-an. Nítorí pé ìrù ti mọ́ wa lára, a máa ń so ó mọ́ ọ̀rọ̀ tí kò bẹ̀ wá. A ní "sọ jáde", a wá sọ pé "voice out". "Voice" nìkan ti tó, "she voiced her worries". "Cope up with" náà rí bẹ́ẹ̀. "Cope with" ni, "up" kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ẹ bá mi pa ìwé A dé Z yẹn mọ́. Ẹ ra ìwé àjákọ, ẹ fún ìrù kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, kí ẹ sì máa kọ gbólóhùn tó ṣẹlẹ̀ sí yín lóòótọ́ sínú rẹ̀, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lójú ewé "down" akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, mo rí èyí: "The printer broke down again and I let everyone down." Abẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: "Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tún dẹnu kọlẹ̀, mo sì já gbogbo wọn kulẹ̀." N ò ní láti bi í bóyá ó yé e. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ti tó, kí ẹ sáà máa padà sórí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kí ẹ tó kọ tuntun.

Nípa ọ̀gá yín: "look this over" jẹ́ irú tó ń là, ó ní kí ẹ fojú gba inú ìwé náà kọjá látòkè délẹ̀. "Get back to me" jẹ́ oníkókó mẹ́ta, kì í là. "Padà" wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí ẹ ṣe rò, ṣùgbọ́n èsì ló fẹ́ kó padà, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Bó bá tún fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ jókòó sórí àga yín, ẹ kà á tán, kí ẹ sì kọ èyí sí i: "I've looked it over. I'd like to point out two things on page 3, and I'll get back to you on the rest by noon."